Àwo Orin tó Wà Lábẹ́ Ẹní Àbẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọjọ́ pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó Fúnmi, ọmọ tí mo tọ́; bí n kò bá sọ ọ́ báyìí, ó ti bọ́ nìyẹn.

Nígbà tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbéjọba sílẹ̀, rélùwéè ni ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo. Ó ra àwo orin ijó kan bọ̀ láti Èkó. Kò sí onílù nínú rẹ̀ rárá, ẹ̀rọ ló ń dún látòkèdélẹ̀. Èmi àtọkọ mi a máa jó o títí ẹsẹ̀ á fi wú. Ọdún yẹn náà ló kú.

Wọ́n kó èmi àti Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó kékeré, wá sílé ẹbí ọkọ wa ní Iléṣà láti ṣe opó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ilé dá. Àárò ọkọ mi sọ mí. Mo gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ giramafóònù, mo yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Mò ń jó, mò ń sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ijó ayọ̀.

Mo gbàgbé pé pákó ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyá ọkọ mi gbọ́ ẹsẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó kígbe béèrè ẹni tó ń jó.

"Yèsí? Yèsí jó?"

Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀pá rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo ti àwo náà sábẹ́ ẹní Àbẹ̀kẹ́. Nígbà tó fà á jáde, mo ní, "Ẹ bi ìyàwó, màámi."

Àbẹ̀kẹ́ wọlé tòun taṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó rí òógùn lọ́rùn mi, ó mọ̀. Ta ni ìbá gbà á gbọ́ níwájú ìyáálé?

Wọ́n lé e lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀sà-Òkè, pé ó jó lórí òkú ọkọ. Wọ́n gba Fúnmi ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú, wọ́n gbé e fún èmi tí n kò bímọ. Ìtàn ijó yẹn ni Fúnmi gbọ́ dàgbà, ó sì ti búra pé obìnrin yẹn kò gbọdọ̀ yọjú síbi ìgbéyàwó òun.

Láàárọ̀ yìí, ó rí àwo náà nísàlẹ̀ àpótí mi. Orí ààtàn tí wọ́n jù ú sí ni mo ti ṣà á nígbà náà. Ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó fà mí dìde. Ẹsẹ̀ mi kò gbàgbé.

Ó wò mí títí. "Ìyá, ta ló kọ́ yín níjó yìí?"

Mo ní mò ń bọ̀. Ilé ìdáná ni mo sá wá, ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Òun nìkan ni mo ní láyé. Orin náà ṣì ń dún, ó sì tún ń pè mí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wí fún un?