Màlúù Tí Yuṣau Fi Dúpẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ ká tún rí ọ̀sẹ̀ Iléyá yìí láyọ̀. Ẹ̀yin ará mi, ẹran ọpẹ́ ni wáàsí wa lónìí: ta ló ni ín gan-an? Ẹ jẹ́ kí n fi ọkùnrin kan láàárín àwọn Banii Isirẹ́lì ṣàpẹẹrẹ. Mo rí i pé àwọn kan ti ń wo aago; ẹ fọkàn balẹ̀, ẹran yín ò lè sá lọ mọ́.

Yuṣau ni ká pe ọkùnrin náà. Ó lówó, àmọ́ ahun ni. Ọmọ rẹ̀, Mọ́ríámọ̀, ṣàìsàn títí, ló bá jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí ọmọ bá dìde, màlúù lòun yóò fi dúpẹ́. Ọmọ dìde, alihamudulilai. Ó fa màlúù lọ síbi pẹpẹ. Wọ́n pa á, wọ́n sun ọ̀rá rẹ̀, àlùfáà wọn mú ìpín tirẹ̀, wọ́n sì kó ìyókù fún Yuṣau. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ti ra iyọ̀ sílé tí yóò fi tọ́jú ẹran náà.

Àlùfáà ní, "Òní ni wàá jẹ ẹ́ tán o. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá a, ọpẹ́ rẹ ti bàjẹ́ nìyẹn."

"Odidi màlúù? Àwa mẹ́ta, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ?"

"Ṣé o ò ní aládùúgbò ni?"

Ó ní aládùúgbò o. Bunyamin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni. Ògiri kan ló wà láàárín wọn. Àmọ́ ewúrẹ́ Bunyamin ti jẹ oko Yuṣau rí, wọn ò sì kí ara wọn mọ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n pè é, Yuṣau ní kàkà bẹ́ẹ̀, òun yóò dá a jẹ tán. Ó jókòó ti ìkòkò. Ó jẹ, ó tú àmùrè, ó tún jẹ. Oòrùn ń wọ̀, ẹran ò tíì dé ìlàjì. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó ń sáré kiri àgbàlá, ẹ̀rù sì bà á gidi. Ṣé torí ewúrẹ́ lòun yóò ṣe ba ọpẹ́ ọmọ yìí jẹ́? Ó rọra dìde, ó na ọrùn lókè ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi jẹun."

Bunyamin ní, "Láti ọ̀sán ni mo ti ń gbọ́ òórùn ẹ̀. Mo ti fọwọ́."

Bó ṣe ń bọ̀, ó ń pe gbogbo àdúgbò mọ́ra. Wọ́n jẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé Mọ́ríámọ̀ lé orúnkún, wọ́n ń ṣàdúà fún un, gbogbo agbo ń ṣe àmín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, egungun ló kù.

Ẹ dá mi lóhùn: ṣé Ọlọ́run ló fẹ́ jẹ ẹran ni? Ó mọ Yuṣau ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá fún un lọ́jọ́ púpọ̀, kò ní na ọrùn lókè ògiri yẹn láéláé. Àwa, wọ́n gbà wá láyè láti tọ́jú ẹran, kì í ṣe èèwọ̀. Àmọ́ alaaji tó ti fírísà pa kó tó wá sí wáàsí, mi ò dárúkọ o, ta ló wà lẹ́yìn ògiri tiyín?

Ọlọ́run, fi ọ̀nà mọ̀ wá. Jẹ́ kí ọwọ́ wa là, kí inú wa sì mọ́ sí ara wa. Ẹni tó ti fọwọ́ dè wá lẹ́yìn ògiri, má jẹ̀ẹ́ kó dúró títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Àmín.