Oúnjẹ Ajá Nínú Ọkọ̀ Àna

[Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Uulkan, opó tó ń gbé ní Tokmok, ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Zuura. Àná ni wọ́n ṣe ìdána Nurzat, ọmọbìnrin Uulkan. Zuura jókòó sẹ́yìn nínú ọkọ̀ àwọn àna tuntun, tí wọ́n jọ ń gbé ní Kochkor, wọ́n ń padà síbẹ̀, wọ́n sì ti wọ àfonífojì Boom, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Fóònù dún títí kí Zuura tó gbé e.]

ZUURA: Hẹlóò? Hẹlóò! Ta nìyẹn?

UULKAN: Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ìrìn o. Ṣé ara le?

ZUURA: Ara le, a dúpẹ́. Ilé ńkọ́? Nurzat ńkọ́?

UULKAN: Nurzat wà. Kò bọ́ yẹtí yẹn látàná, ó fi sùn ni.

ZUURA: Ó gbọ́dọ̀ fi sùn! Yẹtí tí ìyá ọkọ fọwọ́ ara ẹ̀ fi síni létí—

UULKAN: Àwọn àna ńkọ́? Ṣé ebi ò tíì máa pa wọ́n?

ZUURA: Ebi kẹ̀? Lẹ́yìn gbogbo ẹran àná? Bàbá ọkọ ń wakọ̀, ìyá ọkọ ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n ń yìn ẹ́ ṣáá ni.

UULKAN: Wọ́n ń yìn mí. [Ó mí kanlẹ̀.] Ẹ̀gbọ́n mi, láílọ́ọ̀nù yẹn dà?

ZUURA: Èwo?

UULKAN: Láílọ́ọ̀nù dúdú. Ìpín ẹran àwọn àna, tẹ́ ẹ gbé lẹ́nu ọ̀nà.

ZUURA: Ó wà lórí itan mi. Mi ò jẹ́ kó kanlẹ̀ rárá. Ìpín ìdána ni, kì í ṣe ẹrù ọjà.

UULKAN: Ṣé ó wúwo?

ZUURA: Ó wúwo dáadáa. Kò sẹ́ni tó máa rí ẹ bú.

UULKAN: Tẹ́ ẹ bá mì ín, ṣé ó ń dún?

ZUURA: Kí ló fẹ́ dún?

UULKAN: Kó máa dún kẹ́rẹkẹ̀rẹ. Bí egungun.

ZUURA: Uulkan, kí ló dé? Ṣé o gbọ́ mi? Hẹlóò? Ṣé o gbọ́ mi?

[Atẹ́gùn. Ohùn Uulkan ń wọlé, ó ń jáde.]

UULKAN: —ló jẹ́ kí n pè yín.

ZUURA: Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Tún un sọ.

UULKAN: Mo ní Mínísítà ti jẹun.

ZUURA: Ajá? Ìyẹn lo fi ń mí bíi ràkúnmí? Ó yẹ kí inú ẹ dùn! Ọ̀sẹ̀ mélòó lo fi sunkún sí mi létí nítorí oúnjẹ ajá? Marlen ọmọ ẹ jókòó sí Rọ́ṣíà, ó ní àpò oúnjẹ tó ní àwòrán ajá lára nìkan ni kí ajá òun máa jẹ—

UULKAN: Ìdajì owó ìfẹ̀yìntì mi ni àpò kan, ẹ̀gbọ́n mi! Oṣù ò tíì dá sí méjì, àpò ti gbẹ.

ZUURA: Mo ní kó o ra èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní kílò lọ́jà.

UULKAN: Mo rà á. Ó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́bọ̀ la tó lè gba ẹ̀yìnkùlé kọjá láìfọwọ́ bomú.

ZUURA: Mo ní kó o fi fùkù màlúù se báálì.

UULKAN: Ó ṣa fùkù jẹ, ó da báálì sílẹ̀. Ajá tó tó ọmọ màlúù! Ó ń yọ báálì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

ZUURA: Èmi náà ni mo ní kó o lo ìdána. Èèyàn mẹ́tàlélógún, àgùntàn méjì. Egungun tí wọ́n bá họ tán, kó gbogbo ẹ̀ sí láílọ́ọ̀nù, ọ̀fẹ́ ni! Ó jẹ ẹ́ àbí kò jẹ ẹ́?

UULKAN: Ó jẹ ẹ́. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń dijú.

ZUURA: Ó ń dijú sí egungun?

UULKAN: Kì í ṣe egungun, ẹ̀gbọ́n mi.

ZUURA: Kí wá ni?

UULKAN: Láílọ́ọ̀nù méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà. Dúdú ni méjèèjì. Mo da èyí tó kù sínú abọ́ Mínísítà, mi ò wò ó, mo ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀. Ìgbà tí màá fi bojú wẹ̀yìn, mo rí egungun ìbàdí.

ZUURA: Ìbàdí ta?

UULKAN: Ti àgùntàn, ìpín bàbá ọkọ. Odidi. Tẹran tẹran.

[Zuura gbọn láílọ́ọ̀nù. Ó dún kẹ́rẹkẹ̀rẹ.]

UULKAN: Àti ẹ̀dọ̀. Àti ọ̀rá ìdí àgùntàn.

ZUURA: Yéè!

ANARKAN: [Ìyá ọkọ nìyẹn, láti iwájú ọkọ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tají.] Zuura? Kí ló ṣẹlẹ̀?

ZUURA: Kò sí o, àna mi! Àbúrò mi ló ń kí yín. Ó ní... ó ní ajá òun ti jẹun.

ANARKAN: Ọlọ́hun ṣeun. Ẹ bá mi kí i.

ZUURA: [Ó rẹ ohùn sílẹ̀.] Kí ló wà lórí itan mi?

UULKAN: Egungun ajá. Èyí tí Bàbá Sagyn fi eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu ẹ̀ họ lánàá. Àti èèpo ọ̀dùnkún.

ZUURA: Mo gbé! Mo sì gbá a mọ́ra láti Tokmok!

UULKAN: Ẹ dákun, ẹ má pariwo.

ZUURA: Àwọn àgbà Kochkor ti tẹ́ ẹní dè é o! Wọ́n á ṣí i lójú gbogbo ayé. Wọ́n á rí ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn láti ilé ìyàwó—

UULKAN: Wọ́n á ní a fi wọ́n ṣe ajá. Wọ́n á padà wá bọ́ yẹtí létí ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi, Nurzat fẹ́ràn ọmọkùnrin wọn yẹn! Ọdún mẹ́ta ló fi dúró dè é. Kí n wá torí egungun ọ̀fẹ́ ba ìgbéyàwó ọmọ mi jẹ́? Kí ilẹ̀ lanu, kí n wọ inú ẹ̀.

ZUURA: Dúró ná. Màá jù ú síta lójú fèrèsé.

UULKAN: Ta ní ń ju ìpín ìdána sójú títì? Wọ́n á ní ẹ ju oríire ọmọ wọn nù!

ZUURA: Kí n wá jẹ ẹ́ ni? Ṣé o gbọ́ mi? Uulkan, ṣé o gbọ́ mi?

[Ìlà ń já. Ọkọ̀ ńlá kan kọjá.]

ANARKAN: Àna mi, Kemel ní ká dúró níbi omi tó wà níwájú yẹn. Ká fẹnu kan díẹ̀ nínú ìpín yẹn, kó tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ilé.

ZUURA: Rárá o!

ANARKAN: Ẹ̀n?

ZUURA: Kì í ṣe... àna mi, kì í ṣe tiyín ló wà níbí. Tajá mi ni. Egungun ni mo tọrọ lọ́wọ́ Uulkan fún ajá mi.

UULKAN: [Nínú fóònù.] Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò lájá!

ANARKAN: Ẹ lájá? Òpópónà kan náà la jọ ń gbé, Zuura.

ZUURA: Kò tíì pẹ́ tí mo gbà á. Kì í gbó.

ANARKAN: Kí lorúkọ ẹ̀?

ZUURA: Mínísítà.

ANARKAN: Ṣebí ajá Uulkan nìyẹn? Òun ló gbé fìlà Kemel sá lọ lánàá.

ZUURA: Tiẹ̀ ni Mínísítà. Tèmi ni... Igbákejì Mínísítà.

UULKAN: Ẹ gbà mí o.

ANARKAN: Níbo wá ni ìpín tiwa wà?

ZUURA: Ó wà... a gbàgbé ẹ̀ sílé Uulkan.

KEMEL: [Bàbá ọkọ, níbi sítíárìn, ohùn rẹ̀ ga.] Gbàgbé! Ìpín ìdána kì í sùn sẹ́yìn! Bàbá mi kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, èmi náà ò ní bẹ̀rẹ̀. Ẹ di nǹkan mú!

[Táyà dún. Nǹkan ṣubú. Ẹnìkan pe Ọlọ́hun.]

UULKAN: Kí nìyẹn? Ẹ̀gbọ́n mi, kí nìyẹn?

ZUURA: Ó ti yí ọkọ̀ padà.

UULKAN: Ẹ ní kó tún un yí!

ZUURA: Tokmok la kọjú sí báyìí. Ó sì ń sáré.

UULKAN: Mo kú! Bí àna bá tún wọlé mi, dandan ni kí n pa àgùntàn. Kò sí àgùntàn mọ́! Owó àpò oúnjẹ Mínísítà nìkan ló kù lọ́wọ́ mi, kò ra ju ẹsẹ̀ àgùntàn kan lọ. Ṣé ẹsẹ̀ kan ni kí n gbé síwájú àna?

ZUURA: Yá a.

UULKAN: Lọ́wọ́ ta ni? Nínú àdúgbò yìí? Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti mọ̀ ní Bishkek pé ajá mi jẹ ìpín àna.

ZUURA: Sọ pé olè kó o.

UULKAN: Ẹ má dá irọ́ mìíràn mọ́! Wọ́n ní irọ́ lè lọ fógún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Tiyín ò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti yí mọ́tò padà!

ZUURA: Ta ni mò ń tìtorí ẹ̀ parọ́?

UULKAN: Mo mọ̀. Mo mọ̀, ẹ má bínú. Ẹ gbé fóònù fún ìyá ọkọ.

ZUURA: Kí lo fẹ́ sọ?

UULKAN: Òótọ́. Òótọ́ ò ní ní kí n pa àgùntàn. Ẹ gbé e fún wọn, kí n tó sá lọ.

[Fóònù ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì.]

ANARKAN: Àna mi! Ẹ má dààmú, a ti ń padà bọ̀.

UULKAN: Ẹ kú ìrìn, àna mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má padà. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kó dun Nurzat, kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èmi ni.

ANARKAN: Kí ló dé?

UULKAN: Egungun tí mo kó jọ fún ajá, torí mi ò rówó oúnjẹ ẹ̀, ló wà lọ́wọ́ Zuura. Ìpín yín ló wà ní... ó wà nínú ajá.

[Ìlà ń já.]

UULKAN: Àna mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Atẹ́gùn.]

UULKAN: Àna mi, ẹ dákun, ṣé ẹ gbọ́ mi?

ANARKAN: —ọ̀rá àti ẹ̀dọ̀? Ajá?

UULKAN: Gbogbo ẹ̀. Ó lá láílọ́ọ̀nù ẹ̀ pẹ̀lú.

ANARKAN: Kemel. Ajá jẹ ìbàdí rẹ.

KEMEL: Ajá jẹ kí ni mi?

[Búrẹ́kì ké. Ọkọ̀ dúró. Ìró kan ń bọ̀ láti iwájú ọkọ̀, a ò lè sọ irú ìró tó jẹ́.]

UULKAN: Kí nìyẹn? Ṣé wọ́n ń sunkún ni?

ZUURA: [Ó ti gba fóònù.] Ó gbé orí lé sítíárìn. Èjìká ẹ̀ ń mì.

UULKAN: Ó ń sunkún. Mo ti pa ọmọ mi lára.

ZUURA: Dúró. Ó ń fọwọ́ gbá sítíárìn. Uulkan... ẹ̀rín ni.

UULKAN: Irú ẹ̀rín wo?

KEMEL: Gbé fóònù wá! Uulkan! Àna mi! Kí la máa ń sọ tá a bá ń fi ọ̀rá àti ẹ̀dọ̀ sí àna lẹ́nu?

UULKAN: A máa ń ní... ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ ti di àna, kò sí àyípadà mọ́.

KEMEL: Ó jẹ ẹ́ àbí kò jẹ ẹ́?

UULKAN: Ó jẹ ẹ́.

KEMEL: Ó tán! Àna mi ni! Mo ti ń bá Mínísítà ṣàna, èmi tí n kò rí káńsẹ́lọ̀ kí rí!

ANARKAN: Dákẹ́, Kemel. Mú fóònù wá. Uulkan, inú ń bí mi.

UULKAN: Ó yẹ kó bí yín.

ANARKAN: Ẹ fi àgùntàn méjì ṣe wá lálejò lánàá, ẹ ò sì ní ohun tẹ́ ẹ máa fún ajá jẹ. Kí ló dé tẹ́ ẹ pa méjì? Ọ̀kan ì bá tó wa!

UULKAN: Ẹ ì bá ní mo ṣahun.

ANARKAN: Ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀. [Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.] Òótọ́ ni, ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀.

UULKAN: Àna mi, yẹtí yẹn... Ṣé kí n sọ fún Nurzat kó bọ́ ọ?

ANARKAN: Kó dán an wò! Ẹni tó bá bọ́ yẹtí yẹn, èmi ló máa fa etí ẹ̀. Ọmọ mi ni. Ẹ jẹ́ kó fi sùn.

[Uulkan ń sunkún báyìí, kò sì fi pamọ́.]

UULKAN: Ẹ ṣé. Ẹ ṣé o. Ọlọ́hun á fún yín ní ẹ̀mí gígùn.

KEMEL: Sọ fún un pé a ṣì ń bọ̀!

UULKAN: Ẹ̀n?

KEMEL: Ebi ń pa mí! Kò sí bí mo ṣe máa dé Kochkor lọ́wọ́ òfo. Kí ló wà nílé?

UULKAN: Kò sí ẹran nílé, àna mi. Mi ò ní purọ́. Ìkòkò báálì kan ló wà, tí mo sè fún Mínísítà. Kò tíì fẹnu kàn án.

KEMEL: Báálì tí àna mi kọ̀?

UULKAN: Òun ni.

KEMEL: Báálì ni bàbá mi fi tọ́ mi. Ẹ gbé e kaná!

ANARKAN: Wákàtí kan, Uulkan. Ẹ má yá ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Bí mo bá rí ẹran, mi ò ní jẹ.

UULKAN: Ẹ jọ̀ọ́, àna mi, mi ò fi iyọ̀ sí i, ajá ni mo sè é fún. Fùkù wà nínú ẹ̀. Ṣé kí n yọ fùkù? Hẹlóò? Ṣé ẹ fẹ́ fùkù? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Àna mi, ṣé ẹ gbọ́—

[Ìpè já.]