Nǹkan Kan Ò Ṣe Ojú Bọ̀dá Ràsákì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń gbé e sínú. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí n kì í fi nǹkan pa mọ́ fún. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé, lóṣù tó ń bọ̀, àwọn ẹbí ọkùnrin kan ń bọ̀ wá tọrọ mi lọ́wọ́ àwọn òbí mi. Ọkùnrin náà fúnra wọn gbà pé ojú àwọn ti ń fọ́ lọ. Nǹkan kan ò ṣe ojú wọn. Èmi ni mo fà á.

Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní Bọ̀dá Ràsákì, torí n ò lè dárúkọ wọn gangan. Fọ́tò ni wọ́n ń yà, ní Onírèké, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé bàbá wọn. Ìyàwó wọn ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, wọn ò sì bímọ. Èmi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbówó, ibẹ̀ ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, n ò tíì lọ́kọ. Ẹni tó bá jẹ́ obìnrin mọ ohun tí etí mi ń gbọ́ nílé.

Wọ́n pè mí pé kí n wá bá àwọn to sikiríìnì kọ̀ǹpútà tuntun, èyí tí àwọn tó ń tún fọ́tò ṣe máa ń lò. Sikiríìnì lásán, bí ẹ bá fi wo ojú ọ̀run nírọ̀lẹ́, àwọ̀ á pín ní ìlà-ìlà bí àtẹ̀gùn. Ti Bọ̀dá Ràsákì yìí, ṣe ni àwọ̀ máa ń yọ́ wọnú ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tò ó. Ẹ ó ki wáyà tó tọ́ bọ̀ ọ́ nídìí, ẹ ó wọ inú kọ̀ǹpútà lọ yí nọ́ńbà kan tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe máa pọ̀ tó kúrò ní mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ ó wá fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn àwọ̀ rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo tò ó dáadáa lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run ń gbọ́. Wọ́n ṣí fọ́tò ìyá àgbà kan tó wọ sányán. Wọ́n pariwo, wọ́n ní, "Háà! Àṣé bí aṣọ yìí ṣe rí nìyí!" Wọ́n wá bi mí pé kí ni oríkì mi. Mo ní Àṣàkẹ́. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, o káre." Láti ìgbà tí ìyá ìyá mi ti kú ní Iléṣà, kò sẹ́ni tó tún pè mí bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí n sunkún níwájú wọn. Takisí tí mo wọ̀ ò tíì dé Mọ́kọ́lá tí ọkàn mi ti padà sí Onírèké.

Àbí kí ni mo fẹ́ wá wí tí n ó fi padà lọ? Iṣẹ́ ti dára, kò sóhun tó bàjẹ́. Mo fara dà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo wá pè wọ́n pé mo kàn fẹ́ wá yẹ iṣẹ́ mi wò. Nígbà tí wọ́n lọ bu omi wá fún mi, mo dá mẹ́wàá padà sí mẹ́jọ, mo sì dín àwọ̀ pupa kù díẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Kí wọ́n lè tún pè mí ni o. Wọ́n sì pè mí. Mo lọ, mo tún un ṣe, inú wọn dùn, a jọ jẹ móínmóín lórí tábìlì kan náà. Bí mo bá fẹ́ máa lọ, n ó tún bà á jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é. Mo mọ̀ pé ìwà ọmọdé ni.

N ò ronú kan fọ́tò tí wọ́n máa ń gbé lọ tẹ̀ ní Dùgbẹ̀. Nígbà tí wọn ò rí pupa tó lójú sikiríìnì, ṣe ni wọ́n ń fi pupa kún un. Ojú ìyàwó tuntun kan wá pọ́n bí ẹni fi osùn para, ẹbí ìyàwó sì wá bú wọn délé. Ti ẹlòmíì tún tẹ̀lé e.

Wọ́n sọ fún mi pé àwọn fẹ́ pe ẹnì kan ní àdúgbò Challenge kó wá bá àwọn wo sikiríìnì náà. Ẹni tó bá mọṣẹ́ tó bá ṣí i, kíá ló máa rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo ní, "Mo ti tún un ṣe tán, sikiríìnì yẹn ò ní àbùkù kankan mọ́, sà."

Wọ́n fi ìka sí ojú ọ̀run kan níbẹ̀. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, ṣé o rí ìlà-ìlà yìí?"

Mo rí i. Ó hàn kedere. Mo ní, "Rárá, sà. Mi ò rí nǹkan kan."

Wọ́n fi ọwọ́ ra ojú wọn. Wọ́n wá ní, "Bí ti bàbá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyí." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ojú bàbá wọn fọ́ kó tó kú.

Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní tó bá di ọ̀la. Ọ̀la dé, wọ́n ti bo kọ̀ǹpútà, wọn ò sì tàn án mọ́. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti ta kámẹ́rà, wọ́n ta sikiríìnì. Ará Ring Road tó rà á ló pè mí pé kí n wá tò ó, pé Bọ̀dá Ràsákì ní mo mọṣẹ́ gan-an. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi ṣe é. Àwọ̀ yọ́ wọnú ara wọn, ó dùn ún wò. Omi bọ́ lójú mi, mo ní kòkòrò ló wọ̀ mí lójú.

Mo ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ rí dókítà ojú. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní ohun tí àwọn ti mọ̀ náà ni dókítà máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí wọ́n kọ̀, inú mi dùn díẹ̀. Ìyẹn gan-an ni kí ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run sí.

Wọ́n ti ń kọ́ bí afọ́jú ṣe ń rìn. Wọ́n á di ojú, wọ́n á fi ọwọ́ tọ ògiri láti yàrá dé ilé ìdáná, wọ́n á máa ka ìṣísẹ̀. Mọ́kàndínlógún ni. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n kà á pé, wọ́n la ojú, wọ́n ní, "Àwọn oníbàárà mi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ti sá, ìwọ nìkan ló dúró tì mí. Àṣàkẹ́, máa bá mi gbé." Bí wọ́n ṣe ní kí n fẹ́ àwọn nìyẹn. Ohun tí mo ti ń fi àdúrà wá láti ọjọ́ pípẹ́ wá, bí mo ṣe rí i nìyẹn, ṣe ni mo jí i.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n á mú mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wọ́n á ní kí n má rẹ́rìn-ín, kí n jẹ́ kí àwọn mọ ojú mi sórí kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ àwọn. Wọ́n á wo iwájú orí mi, wọ́n á wo àpá tó wà ní àgbọ̀n mi. Lánàá, wọ́n rí àmì dúdú kékeré kan lábẹ́ ojú mi òsì, tí èmi alára ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Àwọn èèyàn máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ó wù mí kó má bá tèmi. Bí mo bá sọ ọ́, ojú wọn á padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n n ò rò pé wọ́n á tún fi wò mí mọ́.