Ọjọ́ tí Ìyá Ka Àwọn Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọpẹ́ ni mo gbé wá síwájú yín lónìí. Ẹ mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ìjọ yìí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti dìde sọ̀rọ̀, ìyẹn nígbà tí aṣọ kan sọnù nínú aṣọ àwọn akọrin. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ lórí èyí, olóòótọ́ kọ́ ni mí.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ bí ọkọ mi, bàbá Fọlákẹ́, ṣe lọ. Kọ́ńpìnnì tó ń tún títì ṣe ló ń bá ṣiṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nítòsí Ìlọrà, típà tó kó òkúta ń fi ẹ̀yìn rìn, awakọ̀ kò rí i. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti dákẹ́. Ṣọlá, àbíkẹ́yìn wa, ṣì ń mu ọmú nígbà náà.

Fọ́mánì wọn wá kí mi. Òun ló sọ fún mi pé òfin ìjọba wà: bí òṣìṣẹ́ bá kú sẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó gbà á síṣẹ́ gbọ́dọ̀ san owó fún ìyàwó àti àwọn ọmọ tó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Kóòtù ni yóò tọ́jú owó náà, tí yóò máa yọ ọ́ fún wọn lóṣooṣù títí ọmọ yóò fi dàgbà. Mo ka ìwé dé ìwọ̀n àyè kan, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nípa òfin yìí rí. Ó bá mi kọ fọ́ọ̀mù, ó mú un lọ.

Ogójì ọjọ́ tí mo fi ṣe opó kò tíì pé tí akọ̀wé ìjọba kan gun alùpùpù wá láti Ìbàdàn láti wá wo àwọn ọmọ. Opó kì í jáde sí àlejò, inú yàrá ni mo wà. Ìyá ọkọ mi ló jókòó lójúde. Bí wọ́n ti gbọ́ ìró alùpùpù ni wọ́n ti lé gbogbo àwọn ọmọ wọ oko ọ̀pẹ̀ òyìnbó lẹ́yìn ilé, wọ́n sì gbé Ṣọlá fún Fọlákẹ́ pọ̀n. Mo ń gbọ́ wọn lójú fèrèsé.

“Mama, àwọn ọmọ olóògbé dà?”

“Ọmọ wà lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

“Mélòó ni wọ́n, Mama?”

“Ṣé ìyá tìrẹ kà ọ́ nígbà tó bí ọ ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mu omi, kí o máa lọ.”

Ó mu omi, ó lọ. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀: mo gbọ́, mo sì dákẹ́.

Ẹ má bá Ìyá wí. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí. Lọ́dún kan, àlejò kan jókòó lójúde wọn, ó nàka sí àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà wọ́n, ó ní Ìyá mà lọ́rọ̀ o. Kí òjò ọdún náà tó dá, ìgbóná ti kó márùn-ún lọ. Bàbá Fọlákẹ́ nìkan ló kù.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, ẹbí péjọ. Ire ni wọ́n rò. Wọ́n ní obìnrin tó ní máṣíìnì ìránṣọ kan ṣoṣo kò lè dá bọ́ ọmọ wọ̀nyí, ni wọ́n bá pín wọn. Fọlákẹ́ yóò lọ bá obìnrin kan tó ń tajà ní Ìbàdàn. Gbádébọ̀ yóò lọ bá ọmọ orogún Ìyá tó ń dáko ní Ìwàrè. Àìná yóò lọ sí Awẹ́. Èyí tó ń mu ọmú nìkan ni yóò kù sí mi lọ́wọ́. Ìwé ọ̀fẹ́ ni àwọn ọmọ ń kà níbí, ṣùgbọ́n ta ni yóò rán wọn lọ sílé-ìwé níbi tí wọ́n ń lọ? Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí oṣù méjì kọjá, bóyá ìjọba yóò dáhùn. Wọ́n gbà.

Ìjọba dáhùn. Lẹ́tà dé, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ àwọn dé ilé wa, kò rí ọmọ kankan. Bí a bá ní ohun tí a fẹ́ sọ, kí a kó àwọn ọmọ wá sí Ìbàdàn kí oṣù tó parí, kí ẹbí bàbá wọn kan sì wá sọ iye wọn àti orúkọ wọn.

Mo sọ fún Ìyá pé, “Wọ́n ní ọmọ yín kò bímọ.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ìjọba ni, Ìyá. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé.”

Wọ́n gba lẹ́tà náà, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. “Ìjọba ò lójú ni? Ọmọ tó kún ilé!” Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ohun tí wọ́n ní kí a wá ṣe, ojú wọn yí padà. “Ìyàwó, n ò kà wọ́n. Owó kọ́ ni yóò sin mí.”

Mo tọ àwọn àgbà ẹbí lọ. Wọ́n ní àwọn kò lè gba orí Ìyá kọjá.

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Àdúrà mi kò gùn: Olúwa, bá mi bá Ìyá sọ̀rọ̀. N kò sọ fún Pásítọ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀ yẹn, wọ́n lè jẹ́rìí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n gun orí pẹpẹ, wọ́n sì wàásù nípa Ọlọ́run tó mọ iye ìràwọ̀, tó ka irun orí wa. Ha!

Ìyá fi ìgúnpá gún mi. “Ìyàwó, irun? Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀, Ìyá.”

“Ti Pásítọ̀ yìí kò ní pẹ́ẹ́ kà.”

Pásítọ̀, ẹ forí jì wá. Nígbà tí a ń lọ sílé, Ìyá dúró lójú ọ̀nà. Wọ́n ní, “Àwọn márùn-ún tèmi náà, ó kà wọ́n?” Mo ní ó kà wọ́n. “Ó ṣì mọ iye wọn?” Mo ní ó mọ̀ ọ́n. Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Ìyá ti wọṣọ kí n tó jí. Ní ibùdókọ̀, awakọ̀ béèrè pé, “Mama, ẹ mélòó ni?” Ìyá ní, “Ṣé ojú ń dùn ọ́ ni? Wò wá!” Mo gbàdúrà títí a fi dé Ìbàdàn.

Akọ̀wé ọjọ́sí náà la bá. “Mama, ẹ̀yin lẹ ní kí n mu omi kí n máa lọ.”

“Omi náà korò ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó mú bírò. “Ọmọ mélòó ni ọmọ yín fi sílẹ̀?”

N kò wo ojú Ìyá. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé àkọ́bí mi lórí. “Fọlákẹ́. Ọ̀kan.” Wọ́n sún síwájú. “Gbádébọ̀. Méjì. Àìná. Mẹ́ta.” Wọ́n yí sẹ́yìn mi, wọ́n fọwọ́ kan Ṣọlá. “Mẹ́rin.” Wọ́n wá fọwọ́ lé àyà ara wọn. “Bàbá wọn, èmi ni mo bí i. Kọ òun náà.”

Akọ̀wé náà ní, “Mo ti kọ ọ́, Mama.”

Ará, kóòtù ti ń san owó náà lóṣooṣù. Ọmọ kankan kò kúrò nílé. Fọlákẹ́ ti wọ ilé-ìwé mọ́dà. Èéyi jà nílùú yìí lẹ́yìn náà, ó sì mú Àìná. Ẹ̀rù bà mí ju ti ọjọ́ tí bàbá wọn kú lọ. Ìyá jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́jọ, wọn kò sọ pé, “Ṣebí mo sọ fún ọ.” Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Àìná tọrọ ẹ̀kọ. Ògo fún Ọlọ́run!

Ẹlòmíràn lè ní òfin ló ṣe é. Òótọ́ ni, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe òfin. Ẹ̀yin tí ọkọ yín ń ṣiṣẹ́ kọ́ńpìnnì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ yín sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin dé ojúde wa, ó mu omi, ó padà. Ọlọ́run ló la ẹnu Ìyá.

Ní báyìí, láràárọ̀ ni Ìyá máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń kà wọ́n jáde lọ sílé-ìwé. Bó bá di ọ̀sán, wọ́n á tún kà wọ́n wọlé.

Ẹ dìde, kí ẹ bá mi yọ̀. Fọlákẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bọ́ síwájú níbí. Ìyá, ẹ bá mi kà wọ́n kí gbogbo ìjọ gbọ́.