Ààwẹ̀ Wákàtí Kan àti Ìṣẹ́jú Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ẹ̀yin ará, ẹja tí wọ́n gbé wá láti etíkun Ẹlẹ́kọ ni ìyàwó mi ń họ ìpẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tá a jọ wà kẹ́yìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi lókun láti jẹ́ ẹ̀rí yìí níwájú yín. Mo kọ ọ́ sínú bébà, torí mi ò fọkàn tán ohùn mi.

Lọ́jọ́ náà, Títí, ọmọ kan ṣoṣo tá a bí, wọ bàálù padà sí Àbújá níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìyá Títí mọ àṣà rẹ̀: tí ẹnì kan nínú wa bá wà lófurufú, kò ní fi nǹkan kan sẹ́nu. Á kọ àkókò tí bàálù gbéra sínú ìwé kékeré kan. Èkó sí Àbújá ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kìlómítà lọ, àmọ́ wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni bàálù fi ń rìn ín. Tá a bá ti pè é pé a ti balẹ̀, á kọ "Ó dé," á wá jẹun.

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Títí, ṣé páílọ́ọ̀tì mọ̀ pé o ò tíì jẹun?"

"Ẹ máa jẹ tiyín, Bàbá Títí. Èmi àti ọmọ mi ṣì wà lókè."

Títí pè, ìyá rẹ̀ kọ ọ́, a jẹun. Nírọ̀lẹ́, àyà ń dun ìyàwó mi. A ò tíì dé ilé ìwòsàn tó fi dákẹ́.

Láti ìgbà náà, mi ò lè gbàdúrà mọ́. Mò ń wá síbí, mò ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n mo ti tilẹ̀kùn ọkàn mi mọ́ Ọlọ́run.

Lóṣù tó kọjá, Títí ń bọ̀ wá kí mi. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni bàálù rẹ̀ gbéra. Mo ti jẹ búrẹ́dì mi dé ìdajì kí n tó rántí pé ọmọ wà lókè, kò sì sẹ́ni tó ń gbààwẹ̀ fún un. Ẹ̀yin ará, mi ò jẹ ẹ́ mọ́. Mo gbé e sílẹ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò pè. Òjò ńlá ti bo gbogbo Ajah tá à ń gbé. Aago méjìlá lù. Fóònù rẹ̀ ò lọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀. Mo ní, "Olúwa, inú ń bí mi sí Ọ. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí nìkan ló kù. Jọ̀ọ́, gbé e balẹ̀." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago kan lù, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí.

"Daddy, èmi ni o! Ìbàdàn la wà! Òjò ò jẹ́ ká balẹ̀ l'Ékòó, a kàn ń yípo lókè ṣáá. Fóònù mi ti kú, mo yá ti ẹnì kan ni. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ó dìgbà tó o bá wọlé."

"Haa, Daddy. Ẹ ti di Mummy."

Halelúyà! Ọlọ́run tí mò ń bínú sí kò bínú sí mi. Kò dá ìyàwó mi padà, mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ. Ṣùgbọ́n ó gbé Títí balẹ̀, ó sì la ẹnu mi. Tirẹ̀ ni ògo. Ẹ dìde, ẹ bá mi yọ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ tó gbé Títí láti Ìbàdàn dúró lẹ́nu géètì wa. Mo mú ìwé kékeré náà jáde; látọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti dákẹ́, kò sẹ́ni tó ṣí i. Lábẹ́ ibi tí ìyàwó mi kọ̀wé dé, mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́: Ó dé. Mo wá bu oúnjẹ.