Ìbílẹ̀ àti Ìpínlẹ̀

Iwájú takisí Airport Road ni mo jókòó sí, tí mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan àti ọkùnrin kan tó so táì, lẹ́yìn mi.

"Ta ló wá fi ọ̀dà pupa sí ṣọ́ọ̀bù yín, mà?"

"Ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Wọ́n ní ó ti wọ ojú títì, àwọn máa wó o."

"Ṣé ẹ ò gbàwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ ni?"

"Mo gbà á o! Ìjọba ìbílẹ̀ wá wọn ilẹ̀ náà lójú mi, wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé náà. Mo gbé e lọ fún ìpínlẹ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ òǹtẹ̀ yẹn. Mo padà sí ìbílẹ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tó fi máàpù ìpínlẹ̀ han àwọn rí."

"Ó yẹ kí wọ́n ti jọ sọ ọ́ o, mà."

"Ta ni wọ́n fẹ́ bá sọ ọ́? Mo ti wá mọ ìdí tí wọ́n fi ń jẹ́ ìpínlẹ̀. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń pín."

Dẹ́rẹ́bà bi ìyá náà ní píjìn níbi tó ti máa sọ̀.

"Where red paint dey."

"Mama, which one? E plenty for this road."