Sàráà Tí Kò Níyọ̀

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti ọsibítù bọ̀ sí Bẹẹrẹ, lẹ́yìn tí orílẹ̀-èdè wa gba òmìnira, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Èmi tí mo máa ń rántí orúkọ gbogbo èèyàn, n kò bèèrè tiwọn.

"Ẹ̀gbọ́n, kíndìnrín mi ló ṣíwọ́ iṣẹ́. Wọ́n da omi sí mi níkùn, wọ́n tún fà á jáde, bí ẹni ń ṣan agbè."

"Agbè ọ̀hún ò sì jò?"

"Kò jò. Mo ti ń tọ̀ dáadáa. Ẹ wò ó, bàtà ti gba ẹsẹ̀ mi."

"Alhamudulilai. A ó pa àgbò ṣe sàráà ní Jímọ̀."

"Ẹ má fiyọ̀ sí i o. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀."

"Kí àwọn ààfáà wá jẹ ẹran tí kò níyọ̀? Ṣé àdúrà lo fẹ́ kí wọ́n ṣe ni, àbí èpè?"

"Ẹ bu tèmi sọ́tọ̀ nígbà náà."

Ẹ̀gbọ́n náà fọwọ́ pa ọrùn ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀, tó wú tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tó ti fà.

"Rárá. Gbogbo wa la ó jẹ ẹ́ láìníyọ̀."

Ẹsẹ̀ wíwú ló pa Àmọ̀kẹ́ ìyàwó mi, kí irú ìtọ́jú yẹn tó dé. Síbẹ̀, inú mi dùn sí wọn títí mo fi délé ní Pópó Yemọja.